Ìlú Wo Ni Òjò Dídì Ń Rọ̀ Sí Jù ní Ìpínlẹ̀ New York?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbèrò láti kó wá sí apá òkè ìpínlẹ̀ New York kì í yé bi àwa tí a ti ń gbé ibẹ̀: nínú Buffalo, Rochester, Syracuse, Binghamton àti Albany, èwo ni òjò dídì ń rọ̀ sí jù? Akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì méjì tàbí mẹ́ta ti gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ló sábà máa ń béèrè, tàbí nọ́ọ̀sì tí ilé ìwòsàn fẹ́ gbà síṣẹ́, tàbí ìdílé tí owó ilé ní Brooklyn àti Bronx ti ju agbára wọn lọ. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò sá fún. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Syracuse ni, níbi tí èmi gan-an ń gbé, òótọ́ sì ni mo sọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ó ń yé mi sí i pé ìdáhùn yẹn kò tó ẹni tó fẹ́ kó ẹrù àti ọmọ lọ sí ìlú kan, nítorí pé iye òjò dídì tó rọ̀ sí ìlú kan àti ìyà tí òjò náà fi jẹ àwọn ará ìlú náà kì í ṣe ohun kan náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé iye náà kalẹ̀. Tí a bá fi ọgbọ̀n ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991 tó sì parí ní 2020 ṣe òṣùwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń bójú tó ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ti ṣe, òjò dídì tó ń rọ̀ sí Syracuse ní ìgbà òtútù kan jẹ́ nǹkan bí ínṣì 128, èyí tó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Rochester ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú nǹkan bí ínṣì 102. Buffalo, ìlú tí gbogbo Amẹ́ríkà máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ òjò dídì, ló wà ní ipò kẹta pẹ̀lú nǹkan bí ínṣì 95. Ti Binghamton lé ní 80, ti Albany tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ náà kò pé 60, ti New York City, níbi tí àwa ọmọ Yorùbá ti pọ̀ jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà, jẹ́ nǹkan bí 30 ní Central Park tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá kúrò ní Brooklyn lọ sí Syracuse ń lọ bá òjò dídì tó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tó mọ̀ lọ, síbẹ̀ kò tíì jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Àwọn ará ibí mọ iye wọ̀nyí bí ẹní mọ orúkọ ọmọ wọn. Wọ́n ní ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Golden Snowball, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ ní àwọn ọdún 1970, tí ìlú márààrún tí mo kọ́kọ́ dárúkọ sì ń bá ara wọn dù lọ́dọọdún. Syracuse ló sábà máa ń gbà á, ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù 2022 sí 2023, Buffalo gba iyì náà pẹ̀lú ínṣì tó lé ní 133, ó sì fi Syracuse sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Mo fẹ́ràn ìdíje yìí tọkàntọkàn, nítorí pé ó fún àwọn tí ojú ọjọ́ ń pọ́n lójú ní ohun tí wọ́n lè fi gbéra ga. Àwọn ìgbà mìíràn sì wà tí sùúrù tán. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Syracuse fẹnu kò pé àwọn fòfin de òjò dídì títí di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún náà, torí pé ó ti sú àwọn aráàlú. Ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e ló mú ínṣì 192.1 wá, èyí tó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Nínú ìjì ńlá oṣù Kẹta ọdún 1993 nìkan, ohun tó rọ̀ lé ní ínṣì 40.

Adágún ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, afẹ́fẹ́ tútù máa ń fẹ́ wá láti Kánádà, á sì gba orí àwọn adágún ńláńlá kọjá nígbà tí omi inú wọn ṣì ní ooru tí oòrùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà á fa ooru àti ọ̀rinrin lára omi bó ṣe ń lọ, á gbéra sókè, á di ìkùukùu, bó bá sì ti kan ilẹ̀ ní òdìkejì, á sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Bí omi tí afẹ́fẹ́ náà rìn kọjá bá ṣe gùn tó ni ẹrù rẹ̀ ṣe máa ń wúwo tó. Syracuse wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Adágún Ontario, Rochester wà ní etí adágún yẹn kan náà níhà gúúsù, Buffalo sì wà ní orí Adágún Erie níbi tó parí sí níhà ìlà-oòrùn, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn lè rìn gba orí omi fún ọgọ́rùn-ún mẹ́ta kìlómítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kàn án.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín adágún méjèèjì yìí ló pààlà sáàárín Syracuse àti Buffalo, mo sì rò pé òun ni ó yẹ kí ẹni tó ń fi ìlú méjèèjì wéra kọ́kọ́ mọ̀. Ibi tó jìn jù nínú Adágún Ontario jẹ́ nǹkan bíi mítà 244, nígbà tí ti Erie kò ju mítà 64 lọ. Omi tó jìn kì í tètè tutù, nítorí náà Ontario kì í sábà dì tán, ó sì ń fún ìkùukùu lọ́rinrin láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta. Erie kò jìn, nítorí náà òtútù líle á mú un, yìnyín á bo ojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní rí omi fà mọ́. Ìdí nìyí tí òjò dídì ti Buffalo fi máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù, tí á sì dín kù lẹ́yìn náà bí adágún bá ti dì, nígbà tí ti Syracuse kàn ń bá a lọ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ínṣì mẹ́ta lónìí, ínṣì márùn-ún lọ́tùn-únla, títí èèyàn kò fi ní rántí àwọ̀ koríko iwájú ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n adágún tó ti dì kì í ṣe àlàáfíà fún Buffalo, ọdún 1977 sì ni ẹ̀rí. Ní ìgbà òtútù yẹn, Erie ti dì láti àárín oṣù Kejìlá ọdún 1976, òjò dídì sì ti kó jọ sórí yìnyín náà lọ bẹẹrẹ bíi ti ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní, ìjì líle dé, ó sì gbá gbogbo ohun tó wà lójú adágún yẹn wọ ìlú. Òjò dídì tuntun tó rọ̀ láti ojú ọ̀run ní ọjọ́ wọ̀nyẹn kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, síbẹ̀ òkìtì rẹ̀ ga dé òrùlé ilé, ọkọ̀ sọnù sábẹ́ rẹ̀, àwọn tó kú sì lé ní ogún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà máa kéde ibi tí ìjì òjò dídì bà jẹ́ bí àgbègbè àjálù ńlá. Nígbà tí ìgbà òtútù náà fi parí, wọ́n ti wọn ínṣì 199.4 ní Buffalo, èyí tó ga ju ti ọdún tí ti Syracuse pọ̀ jù lọ. Àpapọ̀ ọdún kan lè mú Buffalo ṣíwájú, àmúpín ọgbọ̀n ọdún á dá ipò náà padà fún Syracuse, ẹsẹ̀ bàtà kan péré tí afẹ́fẹ́ gbé wọ ìlú sì lè pa èèyàn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá tó rọra rọ̀ lọ.

Ohun mìíràn tí iye wọ̀nyí kò sọ ni pé ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wọ̀n wọ́n, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Ti Syracuse wà ní àríwá ìlú. Ti Buffalo wà ní Cheektowaga, ní ìlà-oòrùn, lẹ́yìn odi ìlú gan-an. Òjò dídì tí adágún ń mú wá kì í sì í tẹ́ bo gbogbo àgbègbè lọ́gbọọgba. Ó máa ń wá ní ìlà tóóró kan tó lè má fẹ̀ ju kìlómítà mẹ́wàá tàbí ogún lọ, tó sì lè dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀. Bí òjò ṣe lè da Mọ́kọ́lá láàmú tí ilẹ̀ yóò gbẹ fúrúfúrú ní Challenge nínú Ìbàdàn kan náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Buffalo, irú bíi Hamburg, West Seneca àti Lancaster, rí òjò dídì tó ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ibòmíràn sì sún mọ́ méje, nígbà tó jẹ́ pé ínṣì díẹ̀ péré ló rọ̀ sí àríwá ìlú náà. Àwọn tó ń gbé àríwá dúró sí àgbàlá wọn, wọ́n ń wo ìkùukùu funfun náà bí ògiri lókèèrè. Nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, tí Orchard Park àti Hamburg rí nǹkan bí ínṣì 80, wọ́n ní láti gbé ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn Buffalo Bills lọ sí Detroit, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní 2014. Tí ẹnì kan bá sọ pé òun ń lọ sí Buffalo, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé apá ibo.

Tí ó bá sì jẹ́ pé a kò fi ti ìlú ńlá ṣe, kò sí èyí nínú ìlú márùn-ún yìí tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ilẹ̀ gíga kan wà ní ìlà-oòrùn Adágún Ontario tí wọ́n ń pè ní Tug Hill, níbi tí àwọn abúlé bíi Redfield àti Montague wà. Afẹ́fẹ́ tó bá ti rin gbogbo gígùn adágún náà láti ìwọ̀-oòrùn á kọlu ilẹ̀ gíga yìí, á ní láti gòkè, á sì tú gbogbo ohun tó kó sílẹ̀. Ínṣì 200 nínú ọdún kan kì í ṣe ìròyìn níbẹ̀. Ní ìgbà òtútù 1976 sí 1977, wọ́n wọn ínṣì 466.9 ní Hooker, nítòsí Montague, èyí tí ibi kankan ní ìpínlẹ̀ náà kò tíì rékọjá. Ní oṣù Kejì ọdún 2007, ínṣì 141 rọ̀ sí Redfield láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Montague ló jẹ́ kí n mọ bí wíwọn òjò dídì ṣe nira tó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1997, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n níbẹ̀ jábọ̀ pé ínṣì 77 rọ̀ nínú wákàtí 24, iye tó ga ju ti Silver Lake ní ìpínlẹ̀ Colorado, níbi tí wọ́n ti wọn ínṣì 75.8 ní oṣù Kẹrin ọdún 1921. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbìmọ̀ náà kò sì gbà á wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n sọ pé ẹni náà purọ́. Òfin ni pé a kò gbọdọ̀ wọ̀n ọ́n kí a sì gbá pákó ìwọ̀n náà mọ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lóòjọ́, nítorí pé òjò dídì tó bá pẹ́ nílẹ̀ máa ń fúnra rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ẹni tó bá sì ń gbá a kúrò lemọ́lemọ́ á rí iye tó pọ̀ ju ti ẹni tó fi í sílẹ̀. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ní Montague. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kì í tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn nítorí ínṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ìlú kan àti ìkejì mọ́.

Nípa Binghamton àti Albany, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Binghamton wà láàárín òkè, pápákọ̀ òfurufú rẹ̀ sì ga ju ìlú fúnra rẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ohun tí wọ́n ń wọ̀n lókè kì í ṣe ohun tí àwọn tó wà ní àfonífojì ń rí ní gbogbo ìgbà. Albany jìnnà sí adágún. Ìjì tó ń gòkè bọ̀ láti etí òkun Àtìláńtíìkì ló ń mú òjò dídì wá fún un, ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sì í wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bó bá wá, ó lè le gan-an: ínṣì 46.7 ló rọ̀ sí Albany nínú ìjì oṣù Kẹta ọdún 1888, bẹ́ẹ̀ náà ni Binghamton rí ínṣì 40 ní àárín oṣù Kejìlá ọdún 2020. Ní New York City, ínṣì mẹ́wàá lè dá gbogbo nǹkan dúró, àwọn ará Syracuse á sì ti jí, wọ́n á ti kó tiwọn, wọ́n á sì ti dé ibi iṣẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan rí ààyè gbà ní yunifásítì ní Buffalo, ó sì pè mí láti béèrè ohun tí mo rò. Mo sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún un, ó sì dáhùn pé, “Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé Syracuse ló pọ̀ jù, ẹ sì ń gbé ibẹ̀. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rù Buffalo fún mi?” Ìbéèrè náà tọ́. Mo ní láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 23 oṣù náà, ọjọ́ méjì sí Kérésìmesì, ìjì kan bẹ̀rẹ̀ ní Buffalo tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lè rí ọwọ́ ara rẹ̀ níta, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 37. Òfin tó de ìrìnnà ọkọ̀ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jáde lọ síbi iṣẹ́ tàbí lọ ra oúnjẹ ọdún. Iná lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn kò lè rìn, ọkọ̀ panápaná kò lè rìn, àwọn tó lọ gba ẹlòmíràn là fúnra wọn há sínú òjò dídì. Nígbà tí ó fi rọlẹ̀, ohun tó rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú jẹ́ ínṣì 51.9, àwọn tó sì kú ní àgbègbè Erie County lé ní 40. Àwọn kan kú sínú mọ́tò wọn, àwọn kan kú lójú pópó, àwọn kan kú sínú ilé tí kò sí ooru, àwọn mìíràn sì kú nítorí pé ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n pè kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú àwọn tó kú láàárín ìlú, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tó ìdajì àwọn ará ìlú náà. Apá ìlà-oòrùn ìlú, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, ni àdúgbò tí ilé rẹ̀ ti gbó, tí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kò pọ̀ níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò sì ní mọ́tò. Mi ò lè ka ínṣì 51.9 yẹn bí ẹní ka àbájáde ìdíje.

Syracuse ò bọ́ lọ́wọ́ ìyà tirẹ̀. Ìlú yìí mọ bí a ṣe ń gbá títì: ọkọ̀ ńlá tó ń ti òjò dídì á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á sì da iyọ̀ sílẹ̀. (Iyọ̀ ló sọ ìlú yìí di ìlú, láti inú omi iyọ̀ tó wà ní etí Adágún Onondaga ni wọ́n ti ń sè é fún ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Lónìí, wọ́n ń wa iyọ̀ ojú títì lábẹ́ Adágún Cayuga tí kò jìnnà sí wa.) Ẹni tó bá ní mọ́tò tí táyà rẹ̀ dára kò ní ìṣòro púpọ̀. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ló ń jìyà. Fún ìgbà pípẹ́, onílé kọ̀ọ̀kan ni òfin ní kó fi ṣọ́bìrì kó òjò dídì iwájú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kò sí onílé nínú rẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbá títì sì máa ń ti gbogbo rẹ̀ padà sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ojú títì ni àwọn ọmọ iléèwé, àwọn ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ àti àwọn àgbàlagbà tó ń lọ wọ bọ́ọ̀sì máa ń rìn, láàárín mọ́tò, nínú òkùnkùn òwúrọ̀ oṣù Kìn-ín-ní. Láti ọdún bíi mélòó kan ni ìjọba ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbá apá kan àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo ka èyí sí ohun tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ife ẹ̀yẹ Golden Snowball tí ìlú yìí ti gbà, mo sì gbàdúrà pé kí ó dé gbogbo àdúgbò.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sì ní kó má lọ. Mo ní kó má wo iye ínṣì mọ́, kó wo ilé tó fẹ́ gbà. Ilé méjì ló ní lọ́wọ́ nígbà náà, ọ̀kan ní Lackawanna ní gúúsù, tí owó rẹ̀ kò wọ́n, ìkejì ní Amherst ní àríwá, nítòsí ọgbà yunifásítì. Ìlà òjò dídì tó ń wá láti orí Erie máa ń na gúúsù jù, nítorí náà Amherst sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjì ọdún 2022 kò yọ Amherst sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó rò pé ó bọ́. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lè ṣiṣẹ́ bí iná bá lọ, kó sì béèrè ẹni tó ń gbá iwájú ilé. Onílé ti Amherst náà dáhùn pé ẹ̀rọ náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná, àti pé ayálégbé ló ń gbá iwájú ilé fúnra rẹ̀. Ó wá wá ilé mìíràn ní àdúgbò kan náà tó ní ibi ìdáná gáàsì nínú pálọ̀, tí kò nílò iná mànàmáná, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìyókù owó náà ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta, a sì ti ra ṣọ́bìrì méjì, aṣọ ìbora tó nípọn àti oúnjẹ inú agolo tí yóò tó o jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù Kọkànlá tó wọlé.